Bí Mo Ṣe Lọ Dáná Lókè Òkun

Láti ìgbà tí mo ti dé, kò sí ọ̀nà tí mo gbà kọjá ní Ìpáò tí ẹnìkan kò ní dá mi dúró béèrè bí ọ̀hún ṣe rí. Bí mo bá ní ó tutù, wọ́n á ní àwọn ti gbọ́ ìyẹn. Bí mo bá ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo lọ ṣe, wọ́n á mi orí, wọ́n á sì máa wo bàtà mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí sílẹ̀, kí n lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n sì sọ òótọ́ ibẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé iná ni mo lọ dá. Mo fò kọjá òkun lọ dáná, ìbẹ̀rù ni mo sì fi dá a títí ó fi kù díẹ̀ kí ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí láti kékeré mọ̀ pé àyà mi kì í pẹ́ já. Bí adìẹ bá fò lójijì, èmi ni n ó kọ́kọ́ dìde. Ìyá mi máa ń sọ pé ìgbà tí òun lóyún mi ni ìjì ṣí òrùlé ilé wa, pé inú ikùn ni mo ti gbọ́ ariwo páànù. Nítorí náà, ẹ má retí ìtàn akọni.

ÀDÚRÀ

Kí n tó lọ, Ìbàdàn ni mo ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àwòrán tó ń rìn, irú èyí tí ẹ máa ń rí nínú ìpolówó ọjà lórí tẹlifíṣọ̀n, tí ìgò ẹlẹ́rìndòdò a máa jó bí ènìyàn. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí díẹ̀ nínú iṣẹ́ mi, wọ́n ní kí n máa bọ̀ wá ṣe ìdánwò títí Kérésì yóò fi kù díẹ̀. Bí ọwọ́ mi bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á gbà mí. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, kí n palẹ̀ ẹrù mi mọ́.

Bí mo ṣe ṣàlàyé ẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ náà tó ti Ìkọ̀lé, níbi tí Ìyá mi ti gbọ́ ọ lórí fóònù, dé Ìpáò, ó ti di pé Dúpẹ́ ti di ọ̀gá lókè òkun. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, àwọn àgbà ìjọ na ọwọ́ sí mi lórí, ọ̀kan nínú wọn gbàdúrà pé mi ò ní padà lọ́wọ́ òfo. Ìjọ ṣe àmín tó mi ilé. Gbogbo wọn ń yọ̀, èmi nìkan ni mo wà lórí eékún tí mò ń rò ó pé bí àwọn òyìnbó bá ní kí n máa lọ ńkọ́? Ojú wo ni n ó fi tún wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì yìí?

Ìyá mi ti rí ojú mi láti orí ìjókòó rẹ̀. Nígbà tí a délé, tó ń bọ́ gèlè, ó ní, "Bí ọwọ́ rẹ ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, máa bọ̀. Ulé kì í lé ọmọ." Ó rò pé òun ń fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni. Ohun tí mo gbọ́ ni pé òun náà ti rò ó pé wọ́n lè lé mi.

DÍDÉ

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ bàálù dà yín láàmú. Nígbà tí mo dé ìlú náà, ọ̀sán ni aago wí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ń ṣú. Mo rò pé òjò ńlá ló ń bọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Kò sí òjò kankan. Bí ọjọ́ wọn ṣe máa ń kúrú nígbà òtútù nìyẹn, oòrùn á yọjú, á wo ilẹ̀ díẹ̀, á padà sílé.

Ìyá àgbàlagbà kan ni wọ́n fi mí wọ̀ sí lọ́dọ̀, opó ni, Mísísì Hẹ́lìn ni wọ́n ń pè é. Ó ṣílẹ̀kùn, ó ní kí n wọlé, ó bi mí bóyá n ó mu tíì. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó wo ilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi, ó ní kí ló já bọ́ lọ́wọ́ mi, ni àwa méjèèjì bá jọ ń wo kápẹ́ẹ̀tì. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ fún un pé ìkíni ni. Mo ní mo ti rí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, mò ń retí kó bèèrè àwọn ará ilé, kó bèèrè bóyá mo bá ire pàdé lọ́nà, kó tiẹ̀ bèèrè orúkọ ìyá mi. Kò bèèrè nǹkan kan. Ó gbé tíì fún mi, ó jókòó, ó rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́. Mo gbà pé inú ń bí i. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ni ìdákẹ́jẹ́ jẹ́ lọ́dọ̀ wọn, pé wọn kì í fẹ́ tojú bọ ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Oúnjẹ wọn kò burú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ata ni kò sí ńbẹ̀. Wọ́n á se ẹran, á rọ̀, wọ́n á se ànàmọ́ wọn funfun báláú, wọ́n á gbé e síwájú rẹ, kò ní ṣe ẹ́ ní ibi kankan. Mo máa ń jẹ ẹ́ tán kí Mísísì Hẹ́lìn má bàa bínú, n ó wá wọ yàrá lọ la ata gígún tí Ìyá mi dì fún mi. Bí mo bá tẹ ẹnìkan lẹ́sẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ẹni tí mo tẹ̀ ni yóò bẹ̀ mí. Èyí pàápàá ń dẹ́rù bà mí. Níbi tí ẹni tí a ṣẹ̀ ti ń bẹni, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ̀ tó bá ṣe àṣìṣe?

INÁ TÓ Ń BẸ̀RÙ

Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ni Kọ́lìn, ọkùnrin gígùn kan tí kì í wọ tai, tó sì ní kí gbogbo wa máa pe òun lórúkọ. Mo gbìyànjú ẹ̀, ètè mi kọ̀. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi láìpe ẹnikẹ́ni.

Àwòrán tí wọ́n ń ṣe jẹ́ ti ìdílé kan tó jókòó sí pálọ̀ nígbà òtútù. Àwọn kan ń ṣe àwọn ènìyàn ibẹ̀, àwọn kan ń ṣe ògiri àti àga. Èmi, iná ni wọ́n fún mi. Ẹ gbọ́ ná: nínú pálọ̀ àwọn ará ibẹ̀, wọ́n máa ń gbẹ́ ààrò sínú ògiri, pẹ̀lú ihò tó gba òkè ilé jáde fún èéfín. Wọ́n á dáná síbẹ̀, wọ́n á jókòó yí i ká. Iná yẹn ni kí n ṣe, kó máa jó lórí kọ̀ǹpútà débi tí ẹni tó ń wò ó á fi rò pé òun ń gbóòórùn igi.

Inú mi dùn. Iná kẹ̀? Èmi tí mo ti ń ti igi bọ ẹnu ààrò kí n tó mọ ìwé é kà! Mo rò pé Ọlọ́run ti gbọ́ àmín àwọn ará Ìpáò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kọ̀ǹpútà ò mọ ohun tó ń jẹ́ iná. Ohun tó mọ̀ ni hóró, hóró tín-ń-tín tó pọ̀ bí ọkà bàbà nínú àpò. Ìwọ lo máa sọ fún un pé kí àwọn hóró náà máa tú jáde lára igi, pé kí wọ́n máa gòkè, pé kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn funfun nígbà tó bá jáde, kó pọ́n bí ó ti ń lọ, kó kú sínú èéfín. O máa fún un ní afẹ́fẹ́. O máa sọ bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò ṣe máa gbọ̀n lára ògiri àti lójú àwọn tó jókòó. Bí o bá ti sọ gbogbo rẹ̀ tán, o máa fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ kó máa ṣe é, á pẹ́ títí, kó tó gbé iná díẹ̀ jáde tí kò ju kí èèyàn sín lẹ́ẹ̀mejì lọ.

Mo ṣe é. Mo rí i pé ó dára. Mo pe Kọ́lìn wá wò ó.

Ó wò ó, ó gbé orí sí ọ̀tún, ó gbé e sí òsì. Ó ní, "Iná ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á. Kí ló ń sá fún?"

Mo bi í pé níbo gan-an ni. Ó ní òun ò mọ ibẹ̀, pé bí ó ṣe kàn rí lójú òun nìyẹn. Mo yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Mo mú kó yára, mo mú kó rọra. Mo fi ẹ̀ta iná kún un. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá pè é, ohun kan náà ni: iná yìí dára, ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀rù.

Ẹ ò rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ tó lè bà mí nínú jẹ́ tó ìyẹn? Èmi tí adìẹ ń lé sókè! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé ara mi ló wọ inú iná náà, pé bí mo ṣe wà ni mo ṣe é. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìwà mi ni, kí ni mo fẹ́ ṣe sí i? Èéfín lè jáde nínú ilé, ṣùgbọ́n èèyàn ò lè bọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ bí aṣọ.

Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ á dúró lẹ́yìn àga mi, wọ́n á ní ó ń dára bọ̀. Wọ́n sọ ọ́ títí ẹ̀rù fi ń bà mí láti gbọ́ ọ. Ní ilé wa, ẹnìkan ì bá ti sọ pé kò dára, tún un ṣe, n ó sì mọ ibi tí mo dúró. Àwọn wọ̀nyí, ẹ̀rín ni wọ́n á máa rín sí ọ, ìwọ á sì máa gbọ́ Kérésì tó ń rìn bọ̀ lẹ́yìn wọn. Wọ́n ti ń so iná aláràbarà kọ́ àwọn igi ìgboro. Gbogbo ìgbà tí mo bá rí i, n ó rántí ẹrù mi.

Ìyá mi wọkọ̀ lọ sí Ìkọ̀lé láti bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò tíì dé Ìpáò nígbà náà. Ó bi mí bóyá uṣẹ́ ń lọ. Mo ní ó ń lọ. Ó bi mí bóyá mò ń jẹun. Mo ní mò ń jẹ. Ó ní ohùn mi tín-ín-rín. Mo ní fóònù ni. Kí n tó sọ nǹkan mìíràn, ó já.

ÌKÒKÒ MÍSÍSÌ HẸ́LÌN

Mo rí iṣu rà ní ìlú ńlá kan tó wà nítòsí, ní ṣọ́ọ̀bù ọmọ Gánà kan. Mo gbé e mọ́ra wọ bọ́ọ̀sì bí ọmọ tuntun. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Mísísì Hẹ́lìn kó igi sínú ààrò pálọ̀ rẹ̀, ó ṣáná sí i, ó wọ kóòtù, ó ní òun ń lọ wo aládùúgbò kan tí ara rẹ̀ kò yá. Ó ní kí n jókòó kí n máa yáná. Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo jókòó. Iná ń jó. Igi gidi ni, igi tó gbẹ dénú, irú èyí tí Ìyá mi máa ń tọ́jú sí àjà fún ìgbà òjò. Kò sì sí nǹkan kan lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwa náà máa ń yáná nígbà ọyẹ́. Ṣùgbọ́n ewé àti pàǹtí la fi ń dá ìyẹn ní àgbàlá, kò sì sí ìgbà tí ẹnìkan kò ní ti iṣu bọ eérú rẹ̀. Igi ìdáná yàtọ̀. Ẹni tó bá ti ru igi láti oko ọ̀nà Ìtapàjí wálé rí, tí òṣùká ti bọ́ irun àárín orí rẹ̀, kò lè jókòó kí igi máa jóná lásán lójú rẹ̀. Mo dìde, mo jókòó. Mo tún dìde. Mo wẹ̀yìn bí ẹni pé Ìyá mi fẹ́ yọ lẹ́nu ọ̀nà kó bèèrè ẹni tó ń fi igi ṣòfò.

Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo lọ bẹ iṣu mi, mo gé e, mo bomi sí i, mo sì gbé ìkòkò funfun Mísísì Hẹ́lìn ka iná pálọ̀. Sítóòfù gáàsì wà ní kíṣìnnì o. Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn.

Bí ìkòkò ṣe jókòó báyìí, ọkàn mi balẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú náà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo lóṣòó tì í, mò ń ti igi síwájú, mò ń wo ìdí rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ahọ́n iná gòkè, ó kan ìdí ìkòkò, ó yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, ó fi ẹ̀gbẹ́ ìkòkò gòkè, orí rẹ̀ tẹ̀ síta. Iná orí kọ̀ǹpútà mi ni. Òun gan-an, láìkù síbì kan.

Mo wá rántí ohun tí ọwọ́ mi ti ń ṣe. Nígbà tí mò ń ṣe iná náà, bí ó bá ti dìde gangan, àyà mi á sọ pé ó ti pọ̀ jù, iná tó ga tó yẹn á kan òrùlé. N ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. N ó fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ yà á sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, títí á fi rí bí iná ṣe yẹ kó rí lójú mi. Iná tó yẹ lójú ọmọ Ìpáò ni èyí tí ìkòkò wà lórí rẹ̀. Mo ti gbé ìkòkò kaná láìmọ̀, ìkòkò tí ẹnikẹ́ni ò rí, ni àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn bá ń wo iná tó ń yà fún nǹkan tí kò sí níbẹ̀.

Mo fi aṣọ ìnuwọ́ gbé ìkòkò sókè. Iná kó ara rẹ̀ jọ, ó dìde dúró, orí rẹ̀ já, ó wọ ihò èéfín lọ. Mo sọ ìkòkò padà, ó yà. Mo gbé e, ó dìde. Mò ń gbé e, mò ń sọ̀ ọ́, omi ń ta sílẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín èmi nìkan.

Bí Mísísì Hẹ́lìn ṣe wọlé bá mi lórí eékún nìyẹn, tí ìkòkò wà lọ́wọ́ mi. Ó dúró pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Ó ní, "Ṣé sítóòfù ti bàjẹ́ ni?"

Mo ní kò bàjẹ́. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé iná náà ń jó, kò sì sí ẹni tó ń jẹ nǹkan kan lára rẹ̀.

Ó rò ó. Ó bọ́ kóòtù, ó gbé e kọ́. Ó ní, "Ṣé ó máa tó ẹni méjì?"

Bọ́tà àti iyọ̀ la fi jẹ iṣu náà, lórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú iná, òun pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló bèèrè orúkọ ìyá mi. Ìdí ìkòkò rẹ̀ ti dúdú bí èédú, torí mi ò rántí fi ọṣẹ pa á kí n tó gbé e kaná, ohun tí wọ́n ti fi kọ́ gbogbo ọmọbìnrin ilé wa. Mo fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ mi fi bó, kò funfun mọ́. Kò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá, ó sì ń fi se oúnjẹ títí mo fi kúrò níbẹ̀.

MO SỌ̀ Ọ́ KALẸ̀

Ní ọjọ́ Ajé, mo yọ ohun tó ń tẹ iná náà kúrò. Ó le fún mi ju bí ẹ ṣe rò lọ. Mo ní láti ká ọwọ́ kò kí n máa wo iná tó ń ga sókè láìdá a dúró, kí n máa sọ fún àyà mi pé ògiri òyìnbó ni, kò sí òrùlé tí yóò kàn. Bí kọ̀ǹpútà ṣe gbé e jáde tán, mi ò lè wò ó tán lẹ́ẹ̀kan. Mo pe Kọ́lìn.

Ó wò ó. Ó lọ fa àga kan wá, ó jókòó síwájú rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀, ó ń mu tíì rẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó mu tíì náà tán kó tó sọ pé, "Ẹ̀rù ò bà á mọ́."

Wọ́n gbà mí. Èmi náà ra iná aláràbarà díẹ̀, mo so ó mọ́ fèrèsé mi. Ṣùgbọ́n iná àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n kọ̀, mi ò pa á rẹ́. Mo fi í pa mọ́ sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, mo sì gbé e bọ̀ wálé nígbà tí wọ́n fún mi ní ìsinmi.

ILÉ

Kò yẹ kí ẹ̀rù ba ẹni tó ń bọ̀ wálé pẹ̀lú ìròyìn ayọ̀, àbí? Ó bà mí. Láti Ìdó ni mo ti ń rò ó pé wọ́n á ní kí n dúró níwájú ìjọ kí n jẹ́rìí. Kí ni n ó sọ? Pé gbogbo àmín ọjọ́sí, iná ni mo fi dá? Ní Ọ̀yẹ́, àwọn obìnrin tó wọkọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè wa, ulé báyìí, uṣẹ́ báyìí, etí mi sì rọ̀. Àyà mi kò rọ̀.

Ìyá mi wà ní ìdí ààrò nígbà tí mo dé. Ó dì mọ́ mi, ó fọwọ́ kan ọrùn mi wò bóyá ó ti gbẹ. Lẹ́yìn tí àwọn olùkíni ti tú ká, ó ní kí n fi uṣẹ́ náà han òun. A jókòó sórí àpótí ní kíṣìnnì, mo gbé kọ̀ǹpútà lé itan, mo fi iná tí wọ́n gbà hàn án.

Ó wò ó dáadáa. Ó ní ó mọ́lẹ̀. Ó ní ta ni àwọn tó jókòó yí i ká ń retí. Mo ní kò sí, iná ni wọ́n ń yá. Ó mi orí pẹ̀lẹ́, bí èèyàn ṣe ń mi orí fún ọmọ àlejò tó ń fi ìwé rẹ̀ hàn án. Mo rò ó pé ó ti parí, ìyá mi ò rí ohun tí mo lọ ṣe. Mo fẹ́ pa kọ̀ǹpútà dé, ìka mi sì tẹ èkejì, iná àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n kọ̀.

Ìyá mi sún mọ́ ọn. Ó na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ ti igi síwájú, ó dá ọwọ́ náà dúró.

Ó ní, "Dúpẹ́, kí lo gbé ka uná yìí?"

Mo ní, "Uṣu ni, Màámi."

Ó tún wò ó díẹ̀, bí iná ṣe ń yà lọ sọ́tùn-ún àti sósì.

"Ó ti jinná," ló wí. "Sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ká jẹun."